Wọ́n kó ìwé ewì pélébé fún mi pé kí n yẹ̀ wọ́n wò: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Gègé_Leeds kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìwé ìròyìn orí ayélujára kan níbí ní kí n yẹ àwọn ìwé ewì pélébé tuntun wò, irú èyí tí àwọn ilé ìtẹ̀wé kéékèèké ń gbé jáde. Mẹ́ta ni wọ́n kó fún mi, ọ̀rọ̀ 800 péré ni wọ́n sì ní kí n fi sọ ti gbogbo wọn. Ọmọ ilẹ̀ wa ni méjì nínú àwọn akéwì náà. Ọ̀kan wà nínú wọn tí a jọ máa ń pàdé lóde ìkéwì, tí a máa ń kí ara wa. Ará Scotland ló kọ ìkẹta, èdè Scots sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Mo ti kọ àyẹ̀wò ìwé ìtàn àròsọ rí. Ìyẹn ní ibi tí èèyàn ń dì mú: ìtàn wà, ẹ̀dá ìtàn wà, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ìwé ewì tí mo lè kà tán kí ọkọ̀ ojú irin tó gbé mi láti Leeds dé York, kí ni mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ tí yóò nítumọ̀? Bí ewì kan kò bá sì wọ̀ mí lára, ṣé kí n sọ ọ́ síta nípa ẹni tó jẹ́ pé ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí?

Alámèyítọ́_Bódìjà kọ:

Àbúrò mi, o kú ìgbìyànjú. Kí o tó mú gègé, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o mú kúrò lọ́kàn: èrò pé ìdánrawò ni ìwé pélébé jẹ́, pé "ìwé gidi" ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo máa ń rí i nínú àyẹ̀wò àwọn ọ̀dọ́, wọ́n á parí ọ̀rọ̀ wọn pé àwọn ń retí kí akéwì náà gbé ìwé ńlá jáde. Ta ló sọ fún wọn pé èyí tó wà lọ́wọ́ wọn kò tíì pé? Nígbà tí wọ́n dá Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ n'Íbàdàn níbí ní 1961, ìwé tín-ín-rín ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ewì. Ọ̀dọ̀ wọn ni ìwé Christopher Okigbo àkọ́kọ́ ti jáde ní 1962, ti J. P. Clark náà sì jáde lọ́dún yẹn kan náà. Títí dòní, kò sí bí olùkọ́ ṣe máa kọ́ ọmọ ní ewì Nàìjíríà tí kò ní dé ibẹ̀.

Ká tilẹ̀ padà sẹ́yìn sí i. D. A. Ọbasá, olóòtú *The Yoruba News*, n'Íbàdàn náà ló ti tẹ ìwé ewì rẹ̀ kìn-ín-ní jáde ní 1927. Ìkejì tẹ̀ lé e ní 1934, ìkẹta ní 1945. Ewì Yorùbá tó wà nínú ìwé títẹ̀, ilé ìtẹ̀wé kékeré ló gbé e dìde.

Bí mo ṣe ń kà á nìyí. Lákọ̀ọ́kọ́, mo máa ń kà á láti èèpo dé èèpo láìdúró, láìmú gègé dání. Lẹ́yìn náà, mo máa ń gbé ohùn sókè kà á, nítorí etí máa ń rí ohun tí ojú fò dá. Nígbà tí mo bá padà sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, bí wọ́n ṣe tò ó ni mò ń wò. Èwo ló ṣíwájú? Kí ló dé tó fi jẹ́ òun? Èwo ló gbẹ̀yìn? Ewì wo ni wọ́n fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ èwo, kí sì ni wọ́n ń bá ara wọn sọ? Ibẹ̀ ni àyẹ̀wò rẹ wà. Bí o bá dá ewì kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni tó ń fún ọmọ ilé ìwé ní máàkì, o ti pàdánù ohun tí ìwé náà jẹ́.

Àdùkẹ́_Peckham kọ:

Bàbá, ẹ ṣeun, mo kúnlẹ̀. Gègé, jẹ́ kí n fi bó ṣe rí ní Britain níbí kún un.

Ẹ̀bùn Michael Marks tí wọ́n ń fún ìwé ewì pélébé láti 2009, ojú ìwé 36 ni òpin tí wọ́n gbà. Wọ́n ní ẹ̀bùn fún akéwì, wọ́n sì ní ti ilé ìtẹ̀wé lọ́tọ̀. Ìyẹn fi hàn ọ́ pé iṣẹ́ olóòtú àti ti ẹni tó ṣe ìwé náà jẹ́ ara ohun tó yẹ kí o wò. Mẹ́rin mẹ́rin ni ojú ìwé tí wọ́n fi wáyà gún láàárín máa ń lọ, nítorí pé bébà kan tí wọ́n ká sí méjì ló ń di ojú ìwé mẹ́rin. Nítorí náà, bí ewì bá kún ojú ìwé 28 tí ó sì ṣẹ́ ku ẹyọ kan, olóòtú á yọ nǹkan ni, tàbí kó wá ojú ìwé mẹ́ta mìíràn tí yóò fi kún un. Yíyọ ni wọ́n sábà máa ń yọ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀, ẹnì kan ló jà fún un. Ewì tí kò lágbára lè fara pamọ́ sáàárín ọgọ́ta ewì. Nínú ìwé pélébé, gbangba ló wà.

Ọ̀rọ̀ nípa 800 tí wọ́n fún ọ: ó tó. Ilé ìtẹ̀wé HappenStance ní Scotland, èyí tí Helena Nelson dá sílẹ̀ ní 2005, ní ibi kan rí tí wọ́n ti máa ń yẹ ìwé pélébé wò, Sphinx ni wọ́n ń pè é. Kókó kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí olùyẹ̀wò mú, ohun kan péré tó gbà á lọ́kàn nínú ìwé náà, kó sọ ọ́ dáadáa kó sì dákẹ́. Èmi náà ti sọ ọ́ di òfin fún ara mi. Bóyá bí akéwì ṣe ń gé ìlà rẹ̀ ni o fẹ́ sọ, bóyá bí bàbá ṣe ń wọlé tó ń jáde láti ewì kan sí èkejì láìsọ̀rọ̀. Mú ọ̀kan. "Akéwì yìí sọ̀rọ̀ nípa ìfẹ́, ikú, ìrìn àjò àti ìdánimọ̀" kì í ṣe àyẹ̀wò, àkọlé orí ìwé ni.

Ìlù_Houston kọ:

Chapbook ni àwa ń pe ìwé ewì pélébé ní Amẹ́ríkà níbí. Àǹtí Àdùkẹ́ ti sọ òótọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kìlọ̀ nǹkan kan fún Gègé torí pé ó ní mẹ́ta lọ́wọ́. Má fi tipátipá so wọ́n pọ̀.

Ẹ wo àpótí chapbook tí African Poetry Book Fund ti ń gbé jáde láti 2014, èyí tí Kwame Dawes àti Chris Abani jẹ́ olóòtú rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Akéwì púpọ̀ wà nínú àpótí kan, láti orílẹ̀-èdè tó yàtọ̀ síra. Kí ni ọ̀pọ̀ olùyẹ̀wò ń ṣe? Wọ́n á wá ọ̀rọ̀ kan tí yóò bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. "Ilé", "ara", "ìgbèkùn". Ẹni tó kọ nípa oko ìyá rẹ̀ àti ẹni tó kọ nípa físà á wá di ẹnìkan náà. Bí àwọn akéwì rẹ méjèèjì bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ìyẹn nìkan kò sọ wọ́n di ìbejì. Sọ ti ọ̀kan tán, fi àlàfo sílẹ̀, bọ́ sí ti èkejì. Kò sí ẹni tó máa bi ọ́ pé okùn dà.

Ìkejì: bí ìwé bá ní ọ̀rọ̀ àkọ́sọ, fò ó, kí o kà á gbẹ̀yìn. Àti ọ̀rọ̀ ìyìn tó wà lẹ́yìn ìwé, má tilẹ̀ kà á rárá títí o fi máa kọ tìrẹ tán. Nígbà tí chapbook tèmi jáde, àyẹ̀wò kan ṣoṣo ló rí, lójú òpó kan tí mi ò ní dárúkọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé ni olùyẹ̀wò náà yí po-yí po, ó fi "wúni lórí" mẹ́ta kún un. Inú mi ò dùn, bẹ́ẹ̀ ìyìn ni o!

Ẹ̀là_Ọ̀rọ̀ kọ:

😂 "Wúni lórí." Ó yẹ kí wọ́n fòfin de ọ̀rọ̀ yẹn fún ọdún kan gbáko.

Atẹ̀wé_Ṣómólú kọ:

Ẹ jẹ́ kí èmi tí ọwọ́ mi ń dúdú fún yíǹkì náà sọ tèmi. Gègé, ṣé Yorùbá wà nínú àwọn ìwé yẹn? Bí ó bá wà, tí o sì rí àmì ohùn tó ṣí kúrò lórí lẹ́tà lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tí o rí àpótí òfìfo níbi tó yẹ kí lẹ́tà wà, má tètè kọ ọ́ sílẹ̀ pé akéwì kò mọ Yorùbá kọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Nínú Unicode, ètò lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń lò, ẹ tó ní àmì lábẹ́ ní ààyè tirẹ̀, é tó ní àmì lórí náà ní tirẹ̀. Èyí tó ní méjèèjì pa pọ̀, ẹ́, kò ní ààyè kan ṣoṣo tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. A ní láti gbé àmì ohùn lé ẹ lórí ni. Fọ́ǹtì tó dára mọ ibi tí yóò gbé e sí. Fọ́ǹtì tí wọn kò ṣe pẹ̀lú irú wa lọ́kàn, ibi tó bá wù ú ló máa jù ú sí. Ilé ìtẹ̀wé kékeré lókè òkun á yan fọ́ǹtì tó lẹ́wà lójú tirẹ̀, á tẹ̀ ẹ́, kò sì ní sí ẹnì kankan níbẹ̀ tó máa mọ̀ pé nǹkan ti dàrú. Kọ ímeèlì sí wọn, bèèrè bí akéwì ṣe fi í ránṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé náà kò fi àmì sí Yorùbá rárá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìyẹn lè jẹ́ ìpinnu akéwì, o sì lè bá a wí tàbí kí o yìn ín. Èyí tó wà níbì kan tí kò sí níbòmíràn ni ọ̀rọ̀ olóòtú.

Ohun mìíràn tí àwọn olùyẹ̀wò kì í rí: ẹ ṣí ìwé náà sí àárín gbùngbùn, níbi tí wáyà ti yọjú. Ibẹ̀ nìkan ni ojú ìwé méjì tó dojú kọra ti jẹ́ bébà kan náà láìsí àlàfo. Olóòtú tó mọṣẹ́ lè gbé ewì tó fẹ̀ sí ibẹ̀, èyí tó kọjá láti apá òsì sí apá ọ̀tún. Bí ẹ bá rí i, ẹ mẹ́nu bà á. Inú àwa tí à ń ṣe é á dùn.

Gègé_Leeds kọ:

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ṣí i wò. Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni o! Ewì kan wà ní àárín ọ̀kan nínú wọn tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, tí mo rò pé wọ́n kàn fi ààyè ṣòfò ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ti èyí tí kò wọ̀ mí lára ńkọ́? Ẹ kò tíì dá mi lóhùn.

Ẹ̀là_Ọ̀rọ̀ kọ:

Tèmi: má kọ ọ́. Dá a padà fún olóòtú, ní kó fún ẹlòmíràn. Ẹni tó ń ṣe ilé ìtẹ̀wé náà lè jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo tó ń ká ìwé lórí tábìlì ìdáná rẹ̀ lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Akéwì ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé ewì tí kò dára kì í pa ẹnikẹ́ni. Kí ló dé tí o fi máa lo 270 ọ̀rọ̀ láti fi tẹ ohun tí kò sẹ́ni tó gbọ́ nípa rẹ̀ mọ́lẹ̀?

Alámèyítọ́_Bódìjà kọ:

Ẹ̀là, mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n n kò gbà. Bí gbogbo olùyẹ̀wò bá ń dá èyí tí kò dára padà ní kọ̀rọ̀, ìyìn nìkan ni yóò máa jáde síta, ìyìn náà kò sì ní níye lórí mọ́. Àwọn òǹkàwé kì í ṣe òmùgọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, jíjẹ́ ọ̀dọ́ kò túmọ̀ sí pé akéwì kò lè gbọ́ òdodo ọ̀rọ̀. Ìwé ìròyìn *Black Orpheus* tí Ulli Beier bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn ní 1957 ń tẹ ewì, ó sì ń yẹ ìwé wò. Àwọn méjèèjì ni àwọn akéwì ìgbà náà fi ń dàgbà.

Àdùkẹ́_Peckham kọ:

Bàbá, ẹ má bínú, mo fẹ́ dúró láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Ìwé olówò ńlá á rí àyẹ̀wò níbi púpọ̀. Bí ọ̀kan bá burú, òmíràn á dára. Ìwé pélébé lè má rí ju ẹyọ kan lọ láyé rẹ̀. Kò tilẹ̀ nípọn tó láti ní ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n lè kọ orúkọ sí, bí wọ́n bá kì í sáàárín ìwé nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ti sọnù nìyẹn. Nítorí náà, ohun tí o bá kọ lè jẹ́ gbogbo ohun tí ayé máa mọ̀ nípa rẹ̀. Ìyẹn kò ní kí o purọ́. Ó ní kí o fi ìlà ewì hàn. Bí o bá ní ewì kan ń pariwo jù, kọ ìlà mẹ́rin níbẹ̀ kí òǹkàwé fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ, kó sì bá ọ jiyàn bó bá fẹ́. Mo ti ra ìwé rí nítorí àyẹ̀wò tó bú u, torí pé ìlà tí olùyẹ̀wò fi ṣe àpẹẹrẹ àìdára dùn mọ́ mi.

Sọ ohun tí akéwì ń gbìyànjú láti ṣe ná, kí o tó sọ pé kò débẹ̀. Ẹni tó ń kọ ewì kúkúrú tó tutù, má bá a wí pé kò gbóná.

Ẹ̀là_Ọ̀rọ̀ kọ:

Ó dáa, mo gba ti ìlà ewì. Ti tábìlì ìdáná, mi ò yí ohùn padà.

Agbẹjọ́rò_Akéwì kọ:

Torí pé ẹ dárúkọ fífi ìlà hàn: òfin gbà yín láàyè. Ní Britain, òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 1988, àti ní Nàìjíríà, èyí tó jẹ́ ti 2022, méjèèjì ló fàyè gba kí a mú díẹ̀ nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn láti fi ṣe lámèyítọ́, bí a bá ti dárúkọ iṣẹ́ náà àti ẹni tó ni ín, tí ohun tí a mú kò sì pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ewì ló ń fa wàhálà níbẹ̀. Ìlà mẹ́fà nínú ìwé ìtàn kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ewì mìíràn kò ju ìlà mẹ́fà lọ. Bí ẹ bá kọ gbogbo rẹ̀, ẹ ti tún un tẹ̀ nìyẹn. Fún irú èyí, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ilé ìtẹ̀wé. Wọn kì í sábà kọ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kí ẹ ṣọ́ra fún fóònù. PDF ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ báyìí láti dín owó ìfìwéránṣẹ́ kù. Bí ẹ bá sún un tóbi lórí fóònù, ẹ ò ní rí odindi ojú ìwé mọ́. Bí ẹ bá sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú ohun tí ẹ ń kọ, ìlà gígùn á ṣẹ́ síbi tí akéwì kò ṣẹ́ ẹ sí. Ẹ máa fi ohun tí ẹ kọ wé bébà kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Gègé_Leeds kọ:

Ẹ ṣé gan-an. Nípa èyí tí a jọ máa ń kí ara wa lóde ìkéwì ńkọ́? Ó sì tún jẹ́ pé mo ti gbọ́ ọ tó ń ké púpọ̀ nínú àwọn ewì yẹn lórí ìtàgé. Ohùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́ bí mo ṣe ń kà á. N kò mọ̀ bóyá ewì ló dára ni àbí ẹnu rẹ̀.

Alámèyítọ́_Bódìjà kọ:

Kíkíni kò sọ yín dọ̀rẹ́. Sọ fún olóòtú rẹ, kó mọ̀, ó parí. Bí o bá ti bá a ka ìwé náà kó tó jáde, tàbí tí ilé ìtẹ̀wé kan náà fẹ́ tẹ tìrẹ, gbé e fún ẹlòmíràn.

Ti ohùn, ìbéèrè tó jinlẹ̀ lo bi. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹnu ni ewì ti wá. Kò yẹ kí o fi ìyẹn ṣe àléébù fún un. Ṣùgbọ́n bébà ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ. Wá ẹlòmíràn tí kò gbọ́ ọ rí, ní kó ka ewì kan sí ọ létí, ẹni tí kì í ṣe eléré. Ibi tí ó bá ti kọsẹ̀, wò ó bóyá akéwì fi àmì ọ̀nà sílẹ̀ fún un nínú ìlà, tàbí ó gbójú lé ẹnu ara rẹ̀.

Kí o sì pe nǹkan lórúkọ rẹ̀. Mo rí àyẹ̀wò tí wọ́n ti pe gbogbo ohun tí orúkọ òrìṣà bá wà nínú rẹ̀ ní oríkì. Ìjálá jẹ́ ti ọdẹ, ẹ̀sà jẹ́ ti egúngún, ẹkún ìyàwó ní ọjọ́ tí wọ́n ń sun ún àti ẹni tó ń sun ún. Bí akéwì bá gbé ìró ẹkún ìyàwó wọ inú ewì nípa pápá ọkọ̀ òfuurufú, ìwọ lo lè gbọ́ ọ. Olùyẹ̀wò tí kò gbọ́ Yorùbá á kọjá lórí rẹ̀. Má wá sọ àyẹ̀wò di ìwé atúmọ̀ èdè o. Sọ ohun tí ìró náà ń ṣe níbẹ̀.

Ìlù_Houston kọ:

Àti ará Scotland yẹn, ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ fún un. Bí a ṣe ń bínú sí ẹni tó bá ní Yorùbá inú ewì "ń dí òun lọ́wọ́", má lọ sọ bẹ́ẹ̀ nípa Scots. Ìwé atúmọ̀ èdè Scots wà lórí ayélujára lọ́fẹ̀ẹ́, Dictionaries of the Scots Language. Ka ewì náà sókè kí o tó lọ wo ìtumọ̀. Ìdajì rẹ̀ á ti yé ọ.

Gègé_Leeds kọ:

Mo ti rí kókó mú fún méjì: ewì àárín gbùngbùn fún ọ̀kan, ẹkún ìyàwó fún èkejì (bàbá, ẹ ò mọ bí ẹ ṣe sún mọ́ ọn tó). Ti Scots, mo ṣì ń kà á sókè, aládùúgbò mi ti kan ògiri. Ìbéèrè tó kù: ṣé kí n fi ohun tí mo kọ han akéwì kó tó jáde?

Àdùkẹ́_Peckham kọ:

Rárá o. Bí o bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ tàbí ọdún tí ewì kan kọ́kọ́ jáde, ilé ìtẹ̀wé ni kí o bi. Èrò tìrẹ, má fi hàn wọ́n. Nígbà tó bá jáde tán, fi líǹkì ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n á gé gbólóhùn kan níbẹ̀ lọ fi polówó. Bí wọ́n bá gé apá tó dùn mú tí wọ́n fi "ṣùgbọ́n" sílẹ̀ sẹ́yìn, má bá wọn jà, gbogbo wa ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Atẹ̀wé_Ṣómólú kọ:

Kí o kọ orúkọ ilé ìtẹ̀wé, iye ojú ìwé, ọdún, àti iye owó rẹ̀ sí òkè àyẹ̀wò náà, ẹ jọ̀wọ́. Kí o sì sọ ibi tí wọ́n ti lè rà á. Láti ọwọ́ ilé ìtẹ̀wé fúnra rẹ̀ ló dára jù, owó tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn níbẹ̀ pọ̀ ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ. Bí kò bá ní ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀, má fi ṣe ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ní.